Ìdajì pẹ́ẹ̀nì, inú tablet ló wà

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbéra ní Under G lọ sí Tákíè láti ra tablet tí yóò fi kàwé ní LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kì í bèèrè ju nǹkan mẹ́ta lọ: eélòó ni, GB mélòó ni, ṣé ó ń gba síìmù. Ara páálí ni ìdáhùn gbogbo rẹ̀ wà, kò sì sí ohun tó le nínú rẹ̀. Pẹ́ẹ̀nì tí wọ́n máa fi kọ̀wé lójú rẹ̀ ni wọn kì í bèèrè títí owó á fi kúrò lọ́wọ́. Wọ́n á ní, "Ìyẹn ò le, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń tà á." Ọ̀rọ̀ yìí ló ń náni lówó dànù. Pẹ́ẹ̀nì kì í ṣe ẹgbẹ́ páùṣì tí èèyàn lè rà nígbà tó bá wù ú. Ìdajì rẹ̀, inú tablet ló wà. Tí tablet kò bá ti ní ìdajì tirẹ̀ nínú láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kò sí iye tí wọ́n lè ra pẹ́ẹ̀nì tí yóò dí àlàfo yẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìka ọwọ́. Gíláàsì tablet kì í mọ̀ bóyá wọ́n tẹ òun le tàbí wọn ò tẹ̀ ẹ́ le. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti fa àwọn ìlà tín-ín-rín tí ojú kò lè rí, àwọn kan lọ ní gígùn, àwọn kan lọ ní ìbú, wọ́n dábùú ara wọn bí òwú inú aṣọ òfì. Iná díẹ̀ wà lára wọn. Omi àti iyọ̀ pọ̀ nínú ara èèyàn, iná sì lè gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà, bí ìka bá ti sún mọ́ ibi tí ìlà méjì ti pàdé, ó máa fa díẹ̀ lára iná ibẹ̀. Tablet á rí i pé iná ibẹ̀ dín, á sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìka wà. Ìdí rèé tí èékánná fi ń ta gíláàsì lásán, tí ìdérí bírò náà kò fi lè ṣe nǹkan kan fún un.

Pẹ́ẹ̀nì olórí rọ́bà tó pọ̀ lọ́jà kò ṣe ju pé ó gùn sí ìka. Iná ara ẹni tó mú un lọ́wọ́ ló ń gbé dé ojú gíláàsì. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó milimítà márùn-ún tàbí mẹ́fà, torí wọ́n ti kọ́ tablet pé kó má ka ohun tó bá kéré jù sí ìka. Ẹ wá fi orí tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kọ x², kẹ́ ẹ wò ó bóyá 2 kékeré yẹn kò ní gun orí x. Àtẹ́lẹwọ́ náà ńkọ́? Lójú tablet, ìka ńlá ni. Bí wọ́n bá gbé e lé gíláàsì báyìí, ìlà tí wọn kò fà á yọ. Ẹni tó ń lò ó á wá gbé ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sókè bí ẹni tó ń kọ̀wé sórí sìmẹ́ǹtì tútù. Ta ló lè fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ yanjú ìṣirò fún wákàtí kan?

Èyí tó tún ń tan ojú jẹ ni olórí ṣóńṣó tó ń gba ṣájì. Bátìrì inú rẹ̀ ń mú iná jáde láti fara jọ ìka, nítorí náà, ó ń kọ lára tablet tó pọ̀. Ṣùgbọ́n ìka ni tablet ṣì ń pè é. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́, kò sì mọ̀ bóyá wọ́n tẹ̀ ẹ́ tàbí wọn ò tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún iPad tó jáde láti 2018 wá. Àwọn yẹn mọ èdè tí iPad ń sọ, èèyàn sì lè gbé ọwọ́ lé gíláàsì nígbà tó bá ń lò wọ́n. Títẹ̀ ni wọn ò mọ̀. Tí wọ́n bá gbé wọn lé tablet Android, wọ́n á dákẹ́ lọ gbári.

Irú kan wà tí ọgbọ́n inú rẹ̀ yàtọ̀, òun sì ni S Pen tí Samsung ń lò. Ilé iṣẹ́ Wacom ní Japan ló ni ọgbọ́n náà. Lẹ́yìn ojú tó ń tàn, wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ kan tí ìlà bàbà kún ara rẹ̀. Wáyà bàbà tí wọ́n wé ló wà nínú pẹ́ẹ̀nì, kò sì nílò bátìrì láti kọ̀wé. Pẹlẹbẹ yẹn ni ìyáàlù. Á lù, á dákẹ́, á tẹ́tí. Lílù rẹ̀ á gba inú gíláàsì kọjá dé ọ̀dọ̀ wáyà inú pẹ́ẹ̀nì, wáyà náà á sì dún, nítorí ohùn kan náà ni wọ́n fún àwọn méjèèjì, bí awọ gángan tí wọ́n gbé kọ́ ògiri ṣe máa ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n bá ń lu ìlù mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyáàlù bá dákẹ́, ohùn pẹ́ẹ̀nì kò tíì tán. Ibi tí ohùn tó ṣẹ́ kù yìí bá ti ròkè jù, ibẹ̀ ni ẹnu pẹ́ẹ̀nì wà. Lílù àti dídákẹ́ yìí yára débi pé ẹni tó ń kọ̀wé kò lè mọ̀ pé nǹkan kan ń dánu dúró.

Títẹ̀ wá ńkọ́? Onílù tó bá fún okùn awọ gángan mọ́ ìhà, ohùn á ròkè. Tó bá tú u, ohùn á wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti pẹ́ẹ̀nì yìí. Bí ọwọ́ bá ṣe tẹ̀ ẹ́ tó ni ẹnu rẹ̀ ń wọlé tó, ohùn tó fi ń dáhùn á sì yí. Gángan ń fi dò, rè, mí pe orúkọ èèyàn, ó ń fi ki ìdílé rẹ̀. Pẹlẹbẹ yìí ń gbọ́ ìpele ohùn 4,096 láti mọ̀ bóyá ìlà yóò nípọn tàbí yóò tín-ín-rín. Ó sì tún ń gbọ́ pẹ́ẹ̀nì kó tó fara kan gíláàsì rárá, láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan sókè. Bó bá ti gbọ́ ọ, á dí etí sí ọwọ́. Àtẹ́lẹwọ́ lè wá sinmi bó ṣe ń sinmi lórí ìwé. Fún ẹni tó ń ṣe ìṣirò àti àwòrán ẹ̀rọ lójoojúmọ́, kò sí ọ̀nà tó mọ́gbọ́n wá tó èyí.

Òun náà ní ọ̀tá, máágínẹ́ẹ̀tì ni. Páùṣì tí wọ́n bá fi máágínẹ́ẹ̀tì sí lè dí ìlù yìí lọ́wọ́, pàápàá tí wọ́n bá ká ìdérí rẹ̀ sẹ́yìn. Ìlà á já tàbí kó wọ́ níbì kan ṣoṣo, ẹni tó ń lò ó á sì rò pé tablet ti bàjẹ́. Kó yọ páùṣì náà kó tún un fà wò.

Galaxy Tab S6 Lite tó kọ́kọ́ jáde ní 2020 ní pẹlẹbẹ yìí, inú páálí rẹ̀ ni S Pen sì ti ń bọ̀. Tab A8 àti A9 kò ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Samsung kan náà ló wà lára wọn. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ti Apple tún lọ́jú pọ̀ lọ́nà tirẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n tún un ṣe: Apple Pencil àkọ́kọ́ ti 2015 bá iPad kẹsàn-án mu, èkejì ti 2018 kò bá a mu, èyí tó ní USB-C tó jáde ní 2023 kò sì mọ títẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn iPad ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà, kẹ́ ẹ tó dárúkọ pẹ́ẹ̀nì.

Ní ti fífẹ̀, ẹ wo handout. PDF A4 fẹ̀ ní milimítà 210. Tí tablet oní-ínṣì 11 bá dúró lóòró, ojú rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi 148, nítorí náà lẹ́tà 12 á dà bíi 8 àbọ̀. Lórí ti ínṣì 8.7, á dà bíi 6 àbọ̀. Ojú á gbà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò ní gbà á ní alẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò kù sí ọ̀la.

Iná tún ni. Power bank 20,000mAh kì í gbé tablet 7,040mAh kún tó ẹ̀ẹ̀mẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tí wọ́n bá pín 20,000 sí 7,040, á sún mọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta. Fóltì 3.7 ni wọ́n fi ka 20,000 yẹn, nítorí náà wákàtí-wáàtì 74 ló wà nínú rẹ̀. Kó tó sọ ọ́ di fóltì 5, ooru á jẹ díẹ̀. Ohun tó ń jáde sún mọ́ 60. Tablet ń gba nǹkan bíi 27, òun náà sì ń fi díẹ̀ ṣòfò bó ṣe ń gbà á. Ẹ ka ẹ̀ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ fi ìyẹn ṣètò ọjọ́ tí iná kò bá wá.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ tó ń lo S Pen ni wọ́n fẹ́ rà, ẹ má sanwó kẹ́ ẹ tó gbé pẹ́ẹ̀nì sókè lórí gíláàsì láìfi kàn án. Àmì kékeré gbọ́dọ̀ yọ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi rúlà fa ìlà dábùú láti igun kan dé èkejì, ẹ rọra fà á. Ìlà tó bá ń wọ́ bí ejò, tàbí tó já láàárín, kò dáa. Tí ìka bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa ṣùgbọ́n tí pẹ́ẹ̀nì kò kọ rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ojú rẹ̀ ti fọ́ rí, tí wọ́n sì fi olówó pọ́ọ́kú tí kò ní pẹlẹbẹ lẹ́yìn pààrọ̀ rẹ̀.