Ẹ Pe Orúkọ Kí Ẹ Tó Mú Ṣọ́ọ̀kì

Òkun o, gbogbo ilé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀sẹ̀ méjì tí a wọlé fún táàmù yìí, ẹni mẹ́rin ló sì ti wá bá èmi ọ̀gá ilé-ìwé ní ọ́fíìsì pé àwọn fẹ́ ṣe tíṣà adelé. Tíṣà kan lọ fún ìsinmi ìbímọ, ara òmíràn kò yá, àyè méjì ló ṣí sílẹ̀, ìròyìn sì ti kúrò ní Kàbà ó ti dé Ìyàrà. Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ẹni tó béèrè pé kíláàsì wo ni. Kò sí ẹni tó béèrè iye ọmọ tó wà níbẹ̀. Ohun kan náà ni gbogbo wọn bi mí: "Ma, èló ni wọ́n ń san?" Ẹnì kan tiẹ̀ fi kún un pé ṣé òun lè máa lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù òun lẹ́yìn aago mọ́kànlá.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀rọ̀ owó kúrò lọ́nà. PTA, ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà, ló ń san owó ọ̀pọ̀ tíṣà adelé lọ́dọ̀ wa, owó tí àwọn òbí dá jọ ni, bí àwọn òbí kò bá sì tíì ta iṣu, tíṣà á ní sùúrù. Owó náà kò pọ̀, mi ò ní tan yín. Ní ilé-ìwé aládàáni, ẹni tó ni ilé-ìwé ló ń dá iye tó máa san. Kí ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ó tán.

Ìwé-ẹ̀rí ńkọ́? NCE, ìwé-ẹ̀rí tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ń fúnni, ló kéré jù láti fi kọ́ ọmọ ní Nàìjíríà, ọdún mẹ́ta ló sì ń gbà. Ẹ kò ní láti rin ìrìn àjò jìnnà: ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Òkènè. Ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ mìíràn lè lọ sọ́dọ̀ NTI, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ tíṣà láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, kó máa fi òpin ọ̀sẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó gba dìgírì nínú nǹkan mìíràn, ì báà ṣe ìṣirò owó tàbí iṣẹ́ ọ̀gbìn, á fi PGDE, dípúlómà iṣẹ́ olùkọ́ fún ẹni tó ti gba dìgírì, lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan TRCN, ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀ láti máa forúkọ tíṣà sílẹ̀. Ẹni tó ní NCE, ìpele D ni wọ́n ń fi sí. Dìgírì nínú ẹ̀kọ́ wà ní C, másítà ní B, ọ̀mọ̀wé ní A. Ẹ máa ṣe ìdánwò wọn tí wọ́n ń pè ní PQE, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ti ń ṣe é.

Àwọn kan á sọ pé ṣebí ẹ̀yin àgbà bẹ̀rẹ̀ láìní NCE. Òótọ́ ni. Èmi gan-an, ọmọ UPE ọdún 1976 ni mí, ìgbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ wá kàwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ ya wọ ilé-ìwé bí omi òjò, tíṣà kò tó, ẹni tó bá ṣáà ti lè kàwé ni wọ́n ń fún ní ṣọ́ọ̀kì. Ìgbà yẹn ti lọ. Ẹ má fi àìsí èèyàn ìgbà náà ṣe àwáwí ọ̀lẹ tòní.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn gbájúẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan mú káàdì TRCN wá fún mi. Ó ní ọkùnrin kan ní ibùdókọ̀ ló bá òun gbà á, láìṣe ìdánwò, láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbé awò ojú mi wọ̀. Ọ̀rọ̀ náà "Teachers" tó wà lókè káàdì, "Techers" ni wọ́n kọ ọ́. Káàdì tó ní kí n gbà pé ẹni tó mú un dání mọ̀wé! Mo fi ìka mi hàn án, ó sunkún, mo fún un lómi mu. Owó ti lọ.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn ni ti tíṣà ìjọba tó ń gba owó oṣù rẹ̀ ní kíkún, tó jókòó sí Àbújá tó ń ṣòwò, tó wá fi ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní SS3 sínú kíláàsì rẹ̀, tó ń jù ú ní owó ọṣẹ lóṣooṣù. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n ń lò bẹ́ẹ̀, ẹ má pe ara yín ní tíṣà adelé. Olè ni ẹ̀ ń bá pa ilẹ̀kùn dé. Lọ́jọ́ tí àwọn aṣàyẹ̀wò bá dé, ẹ̀yin lẹ máa gba ojú fèrèsé, òun á wà ní Àbújá.

Lẹ́sìn-nóòtì, sikíìmù, dáyárì, àwọn ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí tíṣà ń kọ: ẹ ti mọ ìyẹn. Mi ò ní fi àsìkò yín ṣòfò.

Rẹ́jísítà ni mo fẹ́ sọ, ìwé tí a fi ń sàmì sí ọmọ tó wá àti èyí tí kò wá. Àwọn tíṣà mi máa ń sọ pé rẹ́jísítà ni ọkọ kejì mi, kí wọ́n máa wí. Ọdún 35 ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ẹ jí mi lóru, mo lè pe orúkọ kíláàsì tí mo kọ́ ní 1997 láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni ìkẹyìn.

Ní aago mẹ́jọ, kí ẹ tó sọ nǹkan kan nípa ìṣirò tàbí Yorùbá, ẹ ṣí rẹ́jísítà, ẹ pe orúkọ. Ẹ má wo ojú kíláàsì kí ẹ ní "ó jọ pé wọ́n pé." Ẹ fi ẹnu pè é, kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́ ẹ, kí ẹ gbójú sókè kí ẹ rí ẹni tó jẹ́ ẹ, nítorí wọ́n máa ń bá ara wọn dáhùn, àwọn ọmọ wa gbọ́n. Ẹni tó bá wà, ẹ fa ìlà kan fún un pẹ̀lú bíírò búlúù, ìyẹn ti òwúrọ̀. Tí a bá ti ibi eré dé, ẹ tún pè é, ẹ fa ìlà kejì, ti ọ̀sán. Ẹni tí kò bá sí, òdo, pẹ̀lú bíírò pupa. Ẹ má lo pẹ́ńsù. Ẹ má fi ọ̀dà funfun pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ́jísítà mi. Bí ẹ bá ṣì í kọ, ẹ fa ìlà là á kọjá, kí ẹ fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ka iye ọkùnrin, ẹ ka iye obìnrin, ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ kí ẹ tó dìde.

Ẹ̀yin adelé ló yẹ kí ẹ ṣe é ju onílé lọ. Onílé ti mọ ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó mọ èyí tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní oko. Ẹ̀yin kò mọ nǹkan kan. Rẹ́jísítà á sọ fún yín. Bí òdo bá tò léra lójúewé lóṣù kẹta, ìgbà kajú ni, àwọn ọmọ wà ní oko tí wọ́n ń ṣa kajú. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Ajé nìkan ni òdo ọmọ kan máa ń wà, oko ló sùn láti ọjọ́ Ẹtì, kò sì tètè rí ọ̀kadà padà. Ọmọ tí ẹ pè lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jẹ́ yín, ẹ má pè é ní olódo. Ẹ wo etí rẹ̀ bóyá ó ń ṣọyún.

Tíṣà adelé kan wà níbí rí tó sọ fún ìyá ọmọ kan pé ọwọ́ ayé wà lára ọmọ rẹ̀, nítorí kò lè da ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù kọ. Ìyá sáré lọ ra ìsọ̀yè. Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i ní àtàrí, ó lá ẹ̀bu dúdú fún ọjọ́ méje, ikùn rẹ̀ bàjẹ́, kò sì rí nǹkan kan kọ. Nígbà tí wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ mi, mo kàn ní kó kúrò ní bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, kó wá jókòó síwájú. Ó da gbogbo rẹ̀ kọ, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ojú ni. Owó ìsọ̀yè ì bá ra awò ojú. Ayé wo ló dí bọ́ọ̀dù mọ́ ọmọ lójú, nígbà tí tíṣà kò rí i bó ṣe ń ṣẹ́jú láti òwúrọ̀?

Kí ẹ má rò pé mo kàn ń fẹ ojú ni, ẹ gbọ́ tèmi.

Ọdún 1989 ni. Kogi kò tíì sí, Kwárà la ṣì wà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama, wọ́n fi mí dípò tíṣà kan tó lọ bímọ, ní abúlé kan ní Bùnú tí ọkọ̀ kì í dé bí òjò bá ti rọ̀. Kíláàsì kẹta, ọmọ 41. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì mo ti mọ ojú wọn, mo ní kí ni mo tún ń pe orúkọ fún? Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti máa ń fa ìlà gbogbo ọ̀sẹ̀ tán ní ìjókòó kan, títí dé ọjọ́ Ẹtì. Ìlà mi gún régé. Ọ̀gá wa, bàbá àgbàlagbà kan, tiẹ̀ fi rẹ́jísítà mi han àwọn yòókù pé kí wọ́n wá wo ìwé tó mọ́.

Lọ́jọ́rú kan, ìgbà máńgòrò ni, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bàbá ọmọ kan dé. "Òkun o, ọ̀gá. Ọmọ mi ò tíì délé."

Ọ̀gá ṣí rẹ́jísítà. Ìlà méjì wà níwájú orúkọ ọmọ náà, òwúrọ̀ àti ọ̀sán. "Ó wá o," ni ọ̀gá wí. "Ọ̀nà ilé ló ti yà."

Mo dúró níbẹ̀. Mo mọ ọjọ́ tí mo fa ìlà yẹn. Mo wá inú orí mi bóyá mo rí ọmọ náà lọ́jọ́ náà, mi ò rántí. Mo panu mọ́.

Gbogbo abúlé bá kọrí sí odò, nítorí odò ló wà láàárín ilé-ìwé àti ilé wọn. Wọ́n ń fi ọ̀pá wá inú omi títí ilẹ̀ fi ṣú, ìyá ọmọ jókòó sórí òkúta etí odò, ohùn rẹ̀ ti há. Ọmọ kò sì dé ilé-ìwé rárá. Ó yà sí igi máńgòrò kan ní ọ̀nà oko, ní òdì kejì abúlé, ẹ̀ka dá mọ́ ọn nídìí, itan rẹ̀ kán. Láti òwúrọ̀ ló ti wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ọdẹ tó ń lọ sóko lóru ló gbọ́ ìkérora rẹ̀. Bí òdo pupa kan bá wà níwájú orúkọ yẹn ní aago mẹ́jọ, ọ̀gá ì bá ti ránṣẹ́ sí ilé wọn kó tó di aago mẹ́wàá.

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Itan náà jinná, àmọ́ ẹsẹ̀ yẹn kúrú ju èkejì lọ. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí, mo máa ń pàdé rẹ̀ ní Kàbà. Mo máa ń gbọ́ ìrìn rẹ̀ lẹ́yìn mi kí n tó rí i, ẹsẹ̀ kan á dún, ìkejì á wọ́. "Òkun, tíṣà mi," á tún fẹ́ gba àpò lọ́wọ́ mi. Bàbá rẹ̀ kú láìmọ̀. Bí òun bá ka èyí, ó ti mọ̀.

Ẹ̀yin mẹ́rin tí ẹ wá bá mi, kí ẹ dé ní aago méje àbọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Bíírò méjì ni kí ẹ mú dání, búlúù àti pupa. Mi ò ní yá ẹnikẹ́ni.