Ẹja òkun tuntun: ta ló ń ka ọjọ́ tó fi ń dá gbé?

Ẹja blue tang kan ti ṣọ́ọ̀bù dé. Ara rẹ̀ ń dán, àwọ̀ aró rẹ̀ mọ́ gaara, ó sì ń jẹun bí ẹni tí ebi ti ń pa láti àná. Olówó rẹ̀ dà á sínú táǹkì tí ẹja márùn-ún mìíràn ti ń gbé ní àlàáfíà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, nǹkan funfun wínníwínní yọ sí i lára bí ìgbà tí èèyàn wọ́n iyọ̀ sórí iṣu sísè. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ pòórá. Ọkàn olówó ẹja balẹ̀. Nígbà tó tún tó bí ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀, iyọ̀ yẹn padà dé, kì í sì í ṣe ara ẹja kan mọ́, ara mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló bò. Ohun tí olówó ẹja máa ń sọ nírú àkókò yìí ni pé ara ẹja náà le nígbà tí òun rà á. Kò purọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló sọ, ṣùgbọ́n ojú kọ́ ni wọ́n fi ń yẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀ wò. Ọjọ́ ni.

Ìyàsọ́tọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí ẹnikẹ́ni mọ́ láti ìgbà Kòrónà. Ọjọ́ 14 tí ìjọba ní kí ẹni tó ti òkè òkun dé fi dá gbé ní 2020, wọn kò ṣàdéédé mú un: iye ọjọ́ tí àrùn náà lè fi fara pamọ́ kó tó hàn ni wọ́n wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹja. Bí èèyàn bá gbọ́ ọjọ́ 12, 14, 30 tàbí 76 lẹ́nu àwọn tó ń sin ẹja òkun, inú ìgbésí ayé kòkòrò ni wọ́n ti yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó bá mọ bí kòkòrò náà ṣe ń gbé kò ní nílò láti máa há iye ọjọ́ sórí.

Ọ̀nà tí ẹja ń gbà débẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dá ọ̀ràn sílẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹja òkun tí wọ́n ń sìn nínú gíláàsì ní Amẹ́ríkà, inú òkun Indonéṣíà àti Fílípìnì ni wọ́n ti ń kó wọn. Apẹja á tà á fún alágbàtà, alágbàtà á dì í sínú ọ̀rá olómi tí wọ́n fẹ́ ọ́síjìn sí, ọkọ̀ òfurufú á gbé e lọ sí Los Angeles, níbi tí àwọn tó ń tà á lọ́pọ̀ fún oníṣọ́ọ̀bù kó ara wọn jọ sí nítòsí pápákọ̀ òfurufú. Lọ́dọ̀ irú àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀, wọ́n sábà máa ń fi páìpù so ọ̀pọ̀ táǹkì mọ́ra, omi kan ṣoṣo ni yóò sì máa yí gbogbo wọn ká. Ẹja tó ti Bali wá àti èyí tó ti Òkun Pupa wá, tí kò yẹ kí wọ́n fojú kanra láyé, wá ń mu omi ara wọn. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kan tún máa ń po oògùn bàbà (copper) díẹ̀ mọ́ omi. Kò pọ̀ tó láti pa kòkòrò, ó kàn tó láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ẹja á fi rí ẹni rà á.

Nínú agbami, kòkòrò wọ̀nyí kì í sábà pa ẹja. Ẹja ń lọ, omi ń lọ, ọmọ kòkòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kì í tètè rí ara tí yóò lẹ̀ mọ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Nínú gíláàsì tó gba lítà 300, ibo ni ẹja fẹ́ sá sí? Àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Àfòmọ́ inú omi yìí náà kì í ṣa ẹja: ẹni tó bá wà nítòsí ni ìbátan rẹ̀.

Cryptocaryon irritans ni orúkọ kòkòrò tó ń fa iyọ̀ funfun yẹn. "Ich" ni àwọn tó ń sin ẹja ń pè é. Ibùgbé mẹ́ta ló ní. Àkọ́kọ́ ni ara ẹja. Ó máa ń wọ abẹ́ awọ lọ, á máa jẹ ẹran ara ẹja níbẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí méje, títí yóò fi tóbi débi tí ojú lè rí i. Bó bá ti yó, á já bọ́, òru ló sì sábà máa ń já bọ́, nígbà tí iná táǹkì ti kú. Ìgbà yìí ni olówó ẹja ń jí láàárọ̀ tó ń rí i pé ara ẹja ti mọ́, tó ń dúpẹ́. Kòkòrò kò kú. Ó kàn kó lọ sí ilé kejì ni: á rákò nísàlẹ̀ omi fún wákàtí díẹ̀, á lẹ̀ mọ́ iyanrìn, òkúta, gíláàsì tàbí ẹ̀yìn ìgbín, á wá fi èèpo líle bo ara rẹ̀. Nínú èèpo yẹn ló ti ń pín ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ẹyọ kan lè di igba. Èyí tó bá tètè jáde, ọjọ́ mẹ́ta péré ló máa lò; ọ̀pọ̀ á ti jáde kó tó pé ọjọ́ 28; ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti rí èyí tó lo ọjọ́ 72 nínú èèpo kó tó jáde. Ilé kẹta ni gbalasa omi, níbi tí ọmọ tuntun ti ń lúwẹ̀ẹ́ wá ẹja kiri. Bí kò bá rí ẹja láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó parí fún un nìyẹn.

Oògùn kò lè wọ ilé àkọ́kọ́ nítorí abẹ́ awọ ni, kò sì lè wọ ilé kejì nítorí èèpo. Gbalasa nìkan ni ọwọ́ ti lè tó kòkòrò yìí. Gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí ọ̀rọ̀ ìyàsọ́tọ̀, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo oògùn bàbà. Kì í wo ẹja sàn. Ńṣe ló ń ṣọ́nà de ọmọ kòkòrò tó bá jáde síta. Bàbà lásán tí wọn kò dè mọ́ nǹkan kan, mílígíráàmù 0.15 sí 0.20 nínú lítà kan ni wọ́n ń lò. Èyí tí wọ́n ti dè mọ́ èròjà mìíràn kó má baà le jù fún ẹja, 2.0 sí 2.5 ni wọ́n ń lò. Bó bá já wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan péré, ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ fún kòkòrò, ọjọ́ á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ máa fi ohun èlò ìdánwò wọn omi náà déédéé, kí wọ́n má sì gbẹ́kẹ̀ lé ìlà tó wà lára ìgò. Bí iye yẹn bá dúró ṣinṣin, ọjọ́ 14 tó, bí wọ́n bá gbé ẹja lọ sí táǹkì mímọ́ mìíràn ní ìparí rẹ̀: gbogbo èyí tó wà lára rẹ̀ á ti já bọ́ láàárín ọjọ́ méje àkọ́kọ́, bàbà kò sì ní jẹ́ kí òmíràn gorí ẹja. Bí kò bá sí táǹkì mìíràn, ọjọ́ 30 ni, nítorí àwọn tó wà nínú èèpo nísàlẹ̀ táǹkì kan náà ń jáde bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn kan kì í lo oògùn rárá, wákàtí ni wọ́n fi ń jà. Táǹkì kékeré méjì ni wọ́n ń tọ́jú. Kí wákàtí 72 tó pé, wọ́n á fi àwọ̀n gbé ẹja kúrò nínú ti àkọ́kọ́ sínú ìkejì, láìjẹ́ kí omi tó wà níbi tó ti ń bọ̀ tẹ̀ lé e. Ohunkóhun tó bá já bọ́ lára rẹ̀ ti wà nínú èèpo lẹ́yìn rẹ̀, kò sì tíì ní àsìkò láti jáde. Wọ́n á da omi àtijọ́ nù, wọ́n á fọ táǹkì, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á tún gbé ẹja padà. Ìgbà mẹ́rin bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ 12, kòkòrò kò ní sí lára ẹja mọ́. Ọ̀nà yìí wù mí ju bàbà lọ fún ẹja tó kéré, àmọ́ ich nìkan ló ń bá wí, ó sì ń fẹ́ ẹni tí kì í gbàgbé àsìkò.

Táǹkì ìyàsọ́tọ̀ fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lẹ́wà. Lítà 40 sí 75 tó fún ẹja kékeré kan tàbí méjì. Kò sí iyanrìn nísàlẹ̀, kò sí òkúta, nítorí òkúta inú òkun máa ń fa bàbà mu, á sì jẹ́ kí òṣùwọ̀n máa purọ́. Páìpù ike gígé méjì mẹ́ta tó fún ẹja láti sá pamọ́ sí. Ohun tó kù ni ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná tó bí dìgírì 25, fóòmù asẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, àti ìdérí, torí ẹja tí ẹ̀rù ń bà á máa fò jáde.

Fóòmù yẹn gan-an ni ọkàn táǹkì. Ẹja tó kú nínú ìyàsọ́tọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe kòkòrò ló pa á, ẹ̀gbin ara rẹ̀ ni. Amóníà tó ń ti ara ẹja jáde máa ń jó o níbi tó fi ń mí, ó sì dìgbà tí bakitéríà tó ń sọ ọ́ di ohun tí kò le bẹ́ẹ̀ bá ti gbilẹ̀ nínú asẹ́ kí omi tó ṣeé gbé. Bakitéríà kì í gbilẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nítorí náà, nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ni wọ́n ti ń fi fóòmù sínú omi táǹkì ńlá kó lọ gba bakitéríà, wọn a wá gbé e sínú ti ìyàsọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí ẹja bá dé. Lẹ́yìn ìyẹn kò gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti wá láé. Bí amóníà bá yọjú, omi ni kí wọ́n pààrọ̀. Èyí tí wọ́n bá fi rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n bàbà kan náà. Oògùn tí wọ́n ń tà pé ó ń pa amóníà, òmíràn nínú wọn máa ń sọ bàbà di májèlé gidi.

Ọ̀rá tí ẹja bá dé náà ní ewu tirẹ̀. Èémí ẹja nínú ọ̀rá dídì máa ń sọ omi di kíkan, kíkan yìí ló sì ń dá amóníà dúró kó má baà le. Bí wọ́n bá tú ọ̀rá, èémí yẹn á fò lọ, amóníà á sì di májèlé lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó wá ń kán omi tuntun sínú rẹ̀ fún wákàtí méjì nítorí àánú ẹja, ó ń pa á lọ ni. Ó sàn kí wọ́n fi ọ̀rá sórí omi táǹkì ní dídì fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí ooru wọn dọ́gba, kí wọ́n sì ti tún iyọ̀ omi ìyàsọ́tọ̀ ṣe kó bá ti ọ̀rá mu; ẹja á wọlé ní kété tí ọ̀rá bá ṣí.

Kòkòrò kejì, Amyloodinium, tí wọ́n ń pè ní "velvet", kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹyọ kan nínú èèpo lè di 256, nínú omi gbígbóná sì rèé, ó lè yí po láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹja tó mú á máa mí gúlegúle, á máa sá fún ìmọ́lẹ̀, á lọ dúró níbi tí omi ti ń tú jáde, oúnjẹ á sì di ìkórìíra rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà ó ti kú kí eruku bíi wúrà tó hàn lára rẹ̀. Nítorí velvet ni mi ò fi gba ti àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n kàn máa wo ẹja níran fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí wọ́n má lo oògùn àyàfi tí àmì bá yọ. Ẹja kò lè sọ ibi tó ń dùn ún. Àwọn onímọ̀ tún ti rí i pé ọmọ kòkòrò yìí lè bá ìkúukùu omi gba inú afẹ́fẹ́ lọ, títí dé mítà mẹ́ta níbi tí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́. Táǹkì ìyàsọ́tọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì ńlá kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀.

Bàbà kò sì ran gbogbo kòkòrò. Aràn pẹlẹbẹ tó ń lẹ̀ mọ́ ojú àti ara ẹja, oògùn praziquantel ló ń pa á, àmọ́ kò ràn ẹyin rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ márùn-ún sí méje síra wọn. Kòkòrò Brooklynella, tó wọ́pọ̀ lára ẹja clownfish tí wọ́n mú nínú òkun, kò ní èèpo rárá. Ara ẹja níbẹ̀ ló ti ń bí sí i, oògùn formalin ni wọ́n fi ń lé e. Àwọn ẹja kan tún wà tí bàbà kò bá lára mu: ẹja shark kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹja mandarin, tó jẹ́ pé kòkòrò omi tíntìntín ló ń jẹ, tí ebi sì lè pa kú nínú táǹkì tí kò ní òkúta.

Edé, akàn, ìgbín àti iyùn, bàbà ń pa gbogbo wọn. Wọn kì í kó ich sára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn lè gbé èèpo rẹ̀ wọlé. Tiwọn ni ọjọ́ 76: wọ́n á wà nínú omi tí ẹja kankan kò sí fún ọjọ́ 72 yẹn, wọ́n á sì fi mẹ́rin lé e. Iye yẹn kan náà ni táǹkì ńlá tí àrùn ti wọ̀ gbọ́dọ̀ fi wà láìlẹ́ja, nígbà tí àwọn ẹja inú rẹ̀ ń gba oògùn níbòmíràn.

Lọ́jọ́ tí ẹja bá parí tirẹ̀, òun nìkan ló ń kọjá sínú táǹkì ńlá. Omi tó wà kò tẹ̀ lé e, àwọ̀n tí wọ́n fi gbé e kò gbọ́dọ̀ kan omi ibẹ̀. Páìpù, ẹ̀rọ amómigbóná àti gíláàsì náà, wọ́n á fọ̀ wọ́n, wọ́n á sá wọn títí wọ́n á fi gbẹ fúrúfúrú, ó kéré tán ọjọ́ kan gbáko, torí èèpo kòkòrò kò lè fara da gbígbẹ. Fóòmù ni wọ́n á sọ nù. Òmíràn á ti wà nínú omi táǹkì ńlá, níbi tó ti ń gba bakitéríà de ẹja tó kàn.