Ìfúnpọ̀ Olùgbé: Èèyàn Mélòó Ló Wà Lórí Ilẹ̀?

Bí ẹ bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ gba ọ̀nà Ìkòyí-Ilé lọ, ilé á máa jìnnà síra, títí yóò fi ku oko kajú, igbó, abà kan níbí, òmíràn lọ́hùn-ún. Ohun tí ojú rí yẹn ni àwọn tó ń ṣètò ìlú ń fi nọ́ńbà wọ̀n, tí à ń pè ní ìfúnpọ̀ olùgbé: iye èèyàn tó ń gbé lórí kìlómítà onígun mẹ́rin kan. Ilẹ̀ tó gùn ní kìlómítà kan, tó sì fẹ̀ ní kìlómítà kan nìyẹn. Lẹ́nu àgbẹ̀, éékà 247 ni. Lẹ́nu ẹni tó ń ta ilẹ̀, ó lé díẹ̀ ní pulọ́ọ̀tì 2,150, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, bí wọn ò bá yọ títì (wọn kì í kúkú fẹ́ yọ ọ́).

Ìṣírò rẹ̀ kò le: ẹ fi ìwọ̀n ilẹ̀ pín iye èèyàn. Nínú ètò ìkànìyàn 2006, ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, níbi tí Ìkòyí-Ilé wà, ní èèyàn 150,628 lórí kìlómítà onígun mẹ́rin 2,116. Èèyàn 71 ló bọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́ ní 198,720 lórí 235, ìyẹn 846. Ogo-Olúwa wà láàárín pẹ̀lú nǹkan bíi 177.

Ìwọ̀n ilẹ̀ ni àṣìṣe sábà máa ń bá wọlé. Ẹlòmíràn á fi hẹ́kítà pín in. Hẹ́kítà 211,600 ni Oríire, èsì á wá jáde ní 0.71, bí ẹni pé odidi èèyàn kan ò sí níbẹ̀. Ẹlòmíràn á mú iye èèyàn tí wọ́n fojú dá fún ọdún yìí fún ibì kan, á mú ti 2006 fún ibòmíràn, á sì máa fi wọ́n wéra.

Jíjìnnà ni nọ́ńbà yìí ń sọ gan-an. Ká ní wọ́n fẹ́ kí ilé ìwòsàn kan wà láàárín, kó máa tọ́jú èèyàn 5,000 tó yí i ká. Ní Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó jìnnà jù ò ní rìn ju kìlómítà 1.4 lọ kó tó débẹ̀. Ní Oríire, ilẹ̀ tó máa kó èèyàn 5,000 jọ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 70, ẹni tó wà létí rẹ̀ á sì rin kìlómítà 4.7. Ìyẹn tí ọ̀nà bá tọ́ o. Ọ̀nà abà kì í tọ́.

Àmọ́ ṣe ni ìṣírò yìí ń ka èèyàn bí àgbàdo tí wọ́n gbìn lẹ́sẹẹsẹ, ibi gbogbo dọ́gba. Ẹ wo ìjọba ìbílẹ̀ Àtìbà ní Ọ̀yọ́: èèyàn 168,246 lórí 1,757, nǹkan bíi 96. Bẹ́ẹ̀ ìgboro Ọ̀yọ́ níhà Ọ̀fà Mẹ́ta ṣù pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, oko àti igbó tó kù sì fọ́n ká ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ibi tí 96 yẹn ti jẹ́ òótọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, kó béèrè iye èèyàn tó wà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kó sì ka abà.

Ọ̀rọ̀ ilé méjì náà tún wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá èèyàn ni wọ́n ti kà á láàárín ọjọ́ 21 sí 27 oṣù Kẹta, 2006. Àgbẹ̀ tó nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì ń dáko ní Oríire, bó bá wọlé wá lọ́sẹ̀ yẹn, ìgboro ni wọ́n kọ ọ́ sí. Lórí ìwé, abà rẹ̀ dahoro, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sì wà lóko tó ń retí rẹ̀.