Bí kátúùnù ṣe ń bá ìlù jó: iṣẹ́ tó wà nídìí fídíò orin alàwòrán

Orin gbọ́dọ̀ ti parí pátápátá kí ayàwòrán tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Bí olórin bá yọ ìlà kan kúrò lẹ́yìn náà, tàbí tó mú ìlù yá díẹ̀ sí i, gbogbo àwòrán tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ ti yẹ̀ nìyẹn. Fáìlì WAV ló yẹ kí wọ́n gbà lọ́wọ́ olórin, kì í ṣe MP3, torí MP3 sábà máa ń fi ìdákẹ́ bíńtín kún ìbẹ̀rẹ̀ orin, bíńtín náà sì lè tó láti sún gbogbo iṣẹ́ kúrò lórí ìlù.

Ìṣirò kan ló gbé iṣẹ́ yìí dúró. Fíréèmù, ìyẹn àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀ léra wọn, 24 ni fíìmù ń lò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn 1,440 ní ìṣẹ́jú kan. Pín 1,440 sí iye ìgbà tí ìlù ń dún ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí àwọn olórin ń pè ní BPM, wàá mọ iye fíréèmù tó wà láàárín ìró kan sí èkejì. BPM 120 jẹ́ fíréèmù 12 gééré. BPM 96 jẹ́ 15. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ orin ijó ilé fàájì ń lo 128, tirẹ̀ sì jẹ́ 11.25. Ibí yìí ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bàjẹ́: wọ́n á sọ ọ́ di 11, wọ́n á sì máa to 11 lé 11. Lẹ́yìn ìró mẹ́rin, àwòrán ti fi fíréèmù kan ṣáájú. Lẹ́yìn ìró 64, ó ti di 16, ẹsẹ̀ oníjó á sì ti máa balẹ̀ níbi tí ìlù kò tíì dé. Ohun tó tọ́ ni kí a máa ka ìró kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ orin: 11.25, 22.5, 33.75, 45. Ìgbà tí a bá fẹ́ fi àmì sí i nìkan ni ká tó sọ ọ́ di 11, 23, 34, 45. Àléébù fíréèmù kan kò ní kóra jọ mọ́.

Ẹni tó bá lè yan iye fíréèmù fúnra rẹ̀ lè lo 25 dípò 24: BPM 125 á wá bọ́ sórí 12, BPM 100 á bọ́ sórí 15. Kí ó ṣọ́ra fún 23.976, tí àwọn sọ́fítíwíà kan máa ń yàn láìsọ fún ènìyàn. Bí a bá ya àwòrán lórí 24, tí a wá gbé e jáde lórí 23.976, orin ìṣẹ́jú mẹ́ta á ti yẹ̀ ju fíréèmù mẹ́rin lọ kó tó parí. Orin tí wọ́n fọwọ́ lù láìsí click, ìyẹn ìró atọ́nà tó ń ka ìlù sí olórin létí, bí ọ̀pọ̀ jùjú àti fújì àtijọ́, kò tilẹ̀ ní BPM kan ṣoṣo. Bí agbo bá ṣe ń gbóná ni ìlù ń yára. Etí ni a ó fi gbọ́ ọ, ọwọ́ ni a ó sì fi sàmì sí ìró kọ̀ọ̀kan.

Síbẹ̀, bí àmì bá tiẹ̀ pé, ẹsẹ̀ tó balẹ̀ lórí fíréèmù ìró gan-an sábà máa ń dà bí ẹni tó pẹ́. Ojú ti mọ́ wa pé mànàmáná ló ń ṣáájú àrá. Ohùn tó bá fi nǹkan bí mílísẹ́kọ́ńdì 45 ṣáájú àwòrán ti hàn sí ènìyàn pé kò bá a mu, ṣùgbọ́n èyí tó bá tẹ̀ lé àwòrán lè pẹ́ tó 125 kí a tó fura. Nítorí náà, fíréèmù kan tàbí méjì ṣáájú ìlù ni kí ẹsẹ̀ balẹ̀.

Orin ìṣẹ́jú mẹ́ta jẹ́ fíréèmù 4,320. Kò sí ẹni tó fẹ́ ya gbogbo rẹ̀. Bí a bá jẹ́ kí àwòrán kọ̀ọ̀kan gba fíréèmù méjì, ó ti di 2,160. Lẹ́yìn náà, àwòrán àyípo ló ń gba ènìyàn: ijó ìró mẹ́rin lórí BPM 120 jẹ́ fíréèmù 48, àwòrán 24 péré, tí a lè máa yí lọ bí ègbè ṣe ń padà wá. Ojú máa ń mọ̀ ọ́n nígbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kẹta, torí náà kí orí oníjó yí, tàbí kí ẹ̀yìn àwòrán yí padà.

Ọ̀nà tó le jù ni títọ fíìmù: a ya ènìyàn gidi, a wá tẹ̀ lé ìlà ara rẹ̀ ya àwòrán, fíréèmù kan lẹ́yìn òmíràn. Ayàwòrán kátúùnù kan, Max Fleischer, gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tó fi ń ṣe é, rotoscope, ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1917. Fún fídíò “Take On Me” ti ẹgbẹ́ a-ha láti Norway, tí Steve Barron darí ní 1985, Michael Patterson àti Candace Reckinger ya nǹkan bí fíréèmù 3,000, ó sì gba ọ̀sẹ̀ 16. Ìlà pẹ́ńsùlù rẹ̀ ń gbọ̀n torí pé kò sí àwòrán méjì tó dọ́gba, ìgbọ̀n yẹn gan-an ló sì fún un ní ẹ̀mí.

Ní ti ẹnu, sọ́fítíwíà tó ń gbọ́ ohùn tó sì ń yan ìrísí ẹnu fúnra rẹ̀ wà, àmọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bó bá dé “gbéra”, ó lè gbọ́ g kó sì la ẹnu sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ètè méjèèjì ló yẹ kó pàdé fún gb àti p tiwa, bíi ti b àti m. Ó tún lè fi ìrísí n sí ìparí “orin”, níbi tó jẹ́ pé fáwẹ̀lì àránmúpè lásán ló wà. Ọwọ́ ni a fi ń tún un ṣe. Kí ẹnu dídé gba fíréèmù méjì ó kéré tán, torí ẹyọ kan kì í hàn.

Iná tó ń kọ mànà kì í ṣe ohun eré. Ní December 1997, kátúùnù tẹlifíṣọ̀n kan ní Jàpáánù kọ pupa àti búlúù léraléra, ó sì rán ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lórí BPM 128, iná tó ń kọ lórí ìró kọ̀ọ̀kan kò tó mẹ́ta. Èyí tó ń kọ lórí ìdajì ìró ti lé ní mẹ́rin.

Nígbà àyẹ̀wò ìkẹyìn, kí a lo gbohùngbohùn etí olókùn. Ti Bluetooth máa ń mú kí ohùn pẹ́ díẹ̀ kó tó dé etí, ẹni tó bá sì tọ́ ìyẹn tún àwòrán ṣe ti ba èyí tó tọ́ tẹ́lẹ̀ jẹ́.