Páswọ́ọ̀dù firmware: nígbà tí oníbodè láptọ́ọ̀pù kò bá dá yín mọ̀ mọ́

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àǹtí kan ládùúgbò wa pè mí lórí fóònù. Akáùǹtáǹtì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ilé iṣẹ́ wọn sì ta láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ń lò fún wọn ní owó pọ́ọ́kú nígbà tí wọ́n ń lọ. Ọdún méjì ni wọ́n ti lò ó láìsí wàhálà.

"Àbúrò mi, ẹ̀rọ yìí ní kí n mú páswọ́ọ̀dù wá. Ti Windows kọ́ o, ìyẹn wà lórí mi. Kò tiẹ̀ tíì dé Windows rárá, ojú dúdú ló dúró sí."

Mo bi wọ́n bóyá ẹnì kan ti tú u. Wọ́n ní aago rẹ̀ ń lọ sẹ́yìn, ni ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe bá yọ bátìrì pẹlẹbẹ kan nínú rẹ̀, ó sì dá a padà. Láti ìgbà náà ló ti ń béèrè ohun tí kò béèrè rí.

"Ẹ pa á, mà. Ẹ má tẹ nǹkan kan sí i mọ́ títí n ó fi dé."

Firmware ni ètò kékeré tó ń gbé inú chip kan lórí bọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù. Ibùgbé tirẹ̀ yàtọ̀ sí hard disk tí Windows ń gbé. Tí a bá ti tẹ bọ́tìnì pé kí ẹ̀rọ tàn, òun ló máa ń kọ́kọ́ jí. Òun ló ń pe kíbọ́ọ̀dù, mẹ́mórì àti hard disk lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá gbogbo wọn wà níjòókòó, kó tó fa iṣẹ́ lé Windows lọ́wọ́. BIOS ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n sí, orúkọ tó ti wà kí IBM tó gbé PC àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde lọ́dún 1981. UEFI ló wà lórí ẹ̀rọ òde òní, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ẹnjiníà wa, BIOS náà ni.

Ẹ fojú inú wo ìlú àtijọ́ tó ní odi àti ẹnubodè. Firmware ni oníbodè, Windows ni ààfin tó wà láàárín ìlú. Ẹ lè wó ààfin kí ẹ tún un kọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, oníbodè ṣì wà ní ìdí ibodè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fífi Windows tuntun sí ẹ̀rọ kì í fi í yọ páswọ́ọ̀dù yìí, tí pípààrọ̀ hard disk náà kì í sì í yọ ọ́. Owó tí àwọn èèyàn ń ná sórí méjèèjì kí wọ́n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dùn mí gan-an.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ṣáájú ohunkóhun ni irú páswọ́ọ̀dù tó wà níwájú yín, torí oríṣi mẹ́ta ló wà, ìtọ́jú wọn kò sì jọra. Èkíní ni ti ìtanná: tí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ kò ní kọjá ibẹ̀. Ìkejì ni ti ọ̀gá. Lenovo ń pè é ní supervisor password, Dell ń pè é ní admin password. Ilé iṣẹ́ ló sábà máa ń fi í sí i kí òṣìṣẹ́ má baà yí ètò inú BIOS padà, kí olè má sì lè fi flash gbé ètò mìíràn wọlé. Èyí lè wà lórí ẹ̀rọ lọ́pọ̀ ọdún kí ẹni tó ń lò ó má mọ̀ rárá, nítorí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ wọ inú BIOS nìkan ló ń yọjú. Ìkẹta ni ti hard disk. Òun ló burú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí hard disk fúnra rẹ̀ ló tilẹ̀kùn. Ẹ yọ ọ́ lọ sínú ẹ̀rọ mìíràn, yóò tún béèrè níbẹ̀. Lenovo sọ ọ́ láìfi bò pé àwọn kò lè bá èèyàn gba ohun tó wà nínú irú hard disk bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ máa ra òmíràn ni.

Ti ọ̀gá ló wà lórí ẹ̀rọ àǹtí wa. Kí ló dé tó fi jókòó jẹ́ẹ́ fún ọdún méjì?

Bátìrì pẹlẹbẹ yẹn ni. Lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, CR2032 ló sábà máa ń jẹ́, ó rí roboto bí kọ́ìnì. Láyé PC àtijọ́, páswọ́ọ̀dù wà nínú mẹ́mórì kan tí bátìrì yìí ń bọ́. Ẹ yọ bátìrì, mẹ́mórì á gbàgbé, ilẹ̀kùn á sì ṣí. Ìmọ̀ yẹn ló ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹnjiníà títí dòní, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù iṣẹ́ ti kó páswọ́ọ̀dù ọ̀gá lọ sínú chip tí kò nílò iná láti rántí. Ẹ yọ bátìrì ní oṣù mẹ́fà, ó ṣì wà níbẹ̀.

Aago ni yíyọ bátìrì ń pa. Oníbodè jí, ó rí i pé òun ò mọ ọjọ́ mọ́, ó wá ní kí ọ̀gá wọlé wá tún ọjọ́ ṣe nínú BIOS. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ mú páswọ́ọ̀dù wá kó tó wọlé. Báyìí ni láptọ́ọ̀pù iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀ ṣe ń di pákó kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ọmọkùnrin yẹn kò ní ìkà lọ́kàn, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, mi ò yọ ìdè (screw) kankan. Mo ní kí wọ́n pe ilé iṣẹ́ wọn àtijọ́. Ẹni tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà níbẹ̀ nígbà yẹn ti lọ, ṣùgbọ́n ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ ẹrù sí kò lọ. Nọ́ńbà ẹ̀rọ wọn wà nínú rẹ̀, páswọ́ọ̀dù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: orúkọ kúkúrú kan, àmì @, nọ́ńbà mẹ́rin. A tẹ̀ ẹ́. Kò gbà. A tún un tẹ̀, kò gbà. Mo dá ọwọ́ dúró, torí lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù iṣẹ́, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ń fúnni kí ẹ̀rọ tó gan pa, tí èèyàn á ní láti pa á kó tó tún gbìyànjú.

Mo wá wo kíbọ́ọ̀dù náà dáadáa. Lórí bọ́tìnì 3, àmì pọ́n-ùn ló wà níbẹ̀, £. Ìlú Ọba ni ẹ̀rọ yìí ti wá. Lórí kíbọ́ọ̀dù Ìlú Ọba, @ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Enter. Lórí ti Amẹ́ríkà, orí 2 ló wà. Windows mọ ìyàtọ̀ yìí, torí ẹ ti sọ kíbọ́ọ̀dù tí ẹ ń lò fún un. Oníbodè kò fi dandan mọ̀ ọ́n. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé kíbọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà ni, Shift pẹ̀lú 2. BIOS ṣí. Àǹtí pariwo "Ẹ ṣeun, Olúwa" débi tí ọmọ ọmọ wọn fi sáré wọlé.

Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé páswọ́ọ̀dù ti sọnù, ẹ wo Caps Lock, ẹ wo Num Lock, ẹ wo irú kíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Sàkété tí ẹ ń lo kíbọ́ọ̀dù Faransé, ẹ rántí pé A àti Q pààrọ̀ àyè pẹ̀lú ti Gẹ̀ẹ́sì, Z àti W náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun kan tún wà tó kan gbogbo àwa tí à ń kọ Yorùbá lórí ẹ̀rọ: ẹ má fi ẹ, ọ, ṣ tàbí àmì ohùn sí páswọ́ọ̀dù BIOS láéláé. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán àti nọ́ńbà ni kí ẹ lò níbẹ̀.

Tí kò bá sí ìwé, tí kò sì sí ẹni tó rántí, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ló kù. Dell ń lo Service Tag tó wà nídìí ẹ̀rọ pẹ̀lú kóòdù tó hàn lójú rẹ̀. Tí ẹ bá fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ín, wọ́n lè fún yín ní páswọ́ọ̀dù tí yóò ṣí i. Ti Lenovo le jù: lórí ThinkPad, tí páswọ́ọ̀dù ọ̀gá bá ti sọnù, pípààrọ̀ bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń sọ, ẹ óò sanwó rẹ̀, ẹ óò sì mú ẹ̀rí pé ẹ rà á wá. Fún Mac tó ń lo Intel, ẹ máa gbé e lọ bá Apple tàbí aṣojú wọn pẹ̀lú rìsíìtì àkọ́kọ́. Ẹ wò ó, gbogbo wọn ń béèrè ìwé. Àwọn kan á máa bínú sí i, ṣùgbọ́n mo rò pé wọ́n jàre. Láptọ́ọ̀pù iṣẹ́ ń gbé owó oṣù àwọn ènìyàn, nọ́ńbà báǹkì wọn, àkọsílẹ̀ àìsàn wọn. Ohun tó bá ṣí fún ẹni tó gbàgbé láìbéèrè ìwé yóò ṣí fún olè náà.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn ẹnjiníà kan ń gbà: wọ́n á tú chip firmware, wọ́n á kọ ohun mìíràn sí i. Ó máa ń bọ́ sí i lórí àwọn ẹ̀rọ kan. Ṣùgbọ́n inú chip yẹn náà ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ àti kọ́kọ́rọ́ Windows tó bá a wá sábà máa ń wà, tí wọ́n bá sì da ti ẹ̀rọ mìíràn lé e, àwọn náà lè lọ. Tí ọwọ́ bá ṣì í, bọ́ọ̀dù kú nìyẹn.

Ṣáájú kí wọ́n tó pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, ẹ béèrè nípa BitLocker, ètò inú Windows tó ń ti hard disk pa kí ẹlòmíràn má baà rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Tí Windows bá ti fi BitLocker ti hard disk, chip kan tó ń jẹ́ TPM lórí bọ́ọ̀dù àtijọ́ ló ń bá a ṣí ìlẹ̀kùn. Bọ́ọ̀dù tuntun kò mọ̀ ọ́n rí, yóò wá béèrè nọ́ńbà gígùn kan tó ní díjíìtì 48. Ẹ wá nọ́ńbà yẹn nínú àkáǹtì Microsoft yín tàbí lọ́wọ́ ọ́fíìsì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìdè. Tí kò bá sí BitLocker, tí hard disk kò sì ní páswọ́ọ̀dù tirẹ̀, ọkàn yín lè balẹ̀: ẹ yọ ọ́, ẹ fi sí ẹ̀rọ mìíràn, fáìlì yín wà níbẹ̀.

Ní ti àǹtí wa, a tún ọjọ́ ṣe, a fi bátìrì tuntun sí i, a sì yọ páswọ́ọ̀dù ọ̀gá kúrò. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹ óò tẹ ti àtijọ́, ẹ óò fi àyè tuntun sílẹ̀ lófìfo, ẹ óò sì fi pamọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀ ní Computer Village, n'Ikẹjà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Púpọ̀ nínú ThinkPad ti Lenovo, Latitude ti Dell àti EliteBook ti HP tó wà níbẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan rí lókè òkun. Kí ẹ tó ka owó, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tún un tàn, ẹ tẹ F1 lórí ThinkPad, F2 lórí Dell, F10 lórí HP. Tó bá béèrè páswọ́ọ̀dù, tàbí tó jẹ́ kí ẹ wọlé ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí ẹ yí nǹkan kan padà, páswọ́ọ̀dù ọ̀gá wà lórí rẹ̀. Ẹ tún wá Computrace tàbí Absolute, ètò tí wọ́n fi ń ṣọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ olè, nínú BIOS náà. Tí ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀ bá ti tan án, ó lè ti ẹ̀rọ náà pa láti ọ̀nà jíjìn, kódà lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ hard disk. Ẹni tó ń tà á lè sọ pé, "Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, ẹ ò ní wọ ibẹ̀ láé." Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí lẹ máa ṣe lọ́jọ́ tí bátìrì pẹlẹbẹ yẹn bá kú.