Chengfen: ipò tí ìjọba Mao kọ mọ́ ìdílé lọ́rùn

Bí ọmọ Ṣáínà kan bá fẹ́ wọ ilé ìwé gíga ní 1965, tàbí kó fẹ́ ṣe ológun, ó máa bá àyè kan pàdé nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀, lẹ́yìn orúkọ àti ọjọ́ orí. Ibẹ̀ ló ti máa kọ chengfen, ìyẹn ipò tí ìjọba ti kọ mọ́ ìdílé bàbá rẹ̀ ní bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn. Ìdáhùn kì í gùn: onílẹ̀, àgbẹ̀ olówó, àgbẹ̀ alábọ́ọ́dé, àgbẹ̀ tálákà, alágbàṣe. Ẹni tó bá kọ "àgbẹ̀ tálákà" ti rí ọ̀nà. Ẹni tó bá kọ "onílẹ̀" lè gba máàkì tó ga jù lọ nínú ìdánwò, kí wọ́n má sì mú un.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1933, nígbà tí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ṣì ń ṣe ìjọba tiwọn láàárín àwọn òkè Jiangxi ní gúúsù Ṣáínà, Mao Zedong, ọ̀kan lára àwọn olórí wọn, kọ ìlànà kúkurú kan tí wọ́n á fi mọ irú ẹni tí ará oko kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ohun tó ń béèrè ni pé: ta ló ń ṣiṣẹ́, ta ló sì ń jẹ èrè ibẹ̀? Onílẹ̀ ni ẹni tó ní ilẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò fọwọ́ kan ọkọ́, tó jẹ́ pé ìṣákọ́lẹ̀ tí àwọn ẹlòmíì ń san ló ń jẹ. Àgbẹ̀ olówó ń ro oko fúnra rẹ̀, àmọ́ ó tún ń gba alágbàṣe, tàbí kó máa yáni lówó èlé. Alábọ́ọ́dé ń jẹ òógùn ojú ara rẹ̀. Tálákà ní ilẹ̀ díẹ̀, ó ń gba ilẹ̀ onílẹ̀ kún un. Alágbàṣe ò ní ju apá rẹ̀ méjèèjì lọ. Lójú tèmi, ìlànà yẹn mọ́gbọ́n dání lórí ìwé, torí pé nǹkan tó lè yí padà ló ń wò.

Ẹgbẹ́ náà gba gbogbo orílẹ̀-èdè ní oṣù kẹwàá 1949. Ní oṣù kẹfà 1950 wọ́n ṣòfin àtúnpín ilẹ̀, wọ́n sì rán àwọn ikọ̀ lọ sí abúlé kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tí wọ́n máa gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tí wọ́n máa fún. Wọ́n á pe ìpàdé. Àwọn tálákà á bọ́ sí àárín agbo, wọ́n á máa ka ìyà tí onílẹ̀ fi jẹ wọ́n, ẹni tí wọ́n ń sọ á sì dúró níwájú wọn, orí rẹ̀ á tẹ̀ ba. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń lẹ àwọn orúkọ àti chengfen wọn mọ́ ògiri, kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè sọ tirẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ọdún mẹ́ta tó ṣáájú ìgbà tí ẹgbẹ́ wọ àdúgbò náà ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Nítorí náà, ẹni tó ti fi tẹ́tẹ́ pa gbogbo ogún bàbá rẹ̀ run ṣáájú ìgbà yẹn di tálákà nínú ìwé. Ẹni tó ń febi pa inú, tó ń tọ́jú owó títí tó fi ra ilẹ̀, lè di àgbẹ̀ olówó.

Mi ò ní fojú kéré àtúnpín yẹn. Bí ìjọba wọn ti kà á, nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 300 ló gba ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì tó hẹ́kítà mílíọ̀nù 47. Ẹni tó ti ń fi ìdajì ìkórè rẹ̀ san ìṣákọ́lẹ̀ láti kékeré kò ní gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n wọn ilẹ̀ fún un. Wọ́n sì pa ènìyàn pẹ̀lú. Iye tí àwọn òpìtàn ń dá kò dọ́gba, ọ̀pọ̀ wọn ní ó tó mílíọ̀nù kan, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Nígbà tí 1956 fi máa parí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ilẹ̀ oko ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ alájọṣe. Ní 1958 wọ́n kó ìyẹn náà pọ̀ di kọ́múùnù ńláńlá, ìyẹn ọ̀pọ̀ abúlé tó ń dá oko pọ̀. Tálákà ò ní ilẹ̀ mọ́, onílẹ̀ náà ò ní. Oko kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Tí a bá fi ìwọ̀n 1933 wọ̀n wọ́n, kò sí onílẹ̀ kankan ní Ṣáínà mọ́. Àní ìlànà 1950 fúnra rẹ̀ sọ pé onílẹ̀ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún láìrú òfin lè gba ipò tuntun. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án 1962, Mao kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbàgbé ìjà tó wà láàárín àwọn tó ń jẹni níyà àti àwọn tí wọ́n ń jẹ níyà. Kò pẹ́ tí àwọn ikọ̀ tún fi ń lọ láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n ń tú ìwé chengfen yẹ̀ wò.

Ọ̀dọ̀ bàbá ni chengfen ti ń wá. Ọmọ tí wọ́n bí ní 1958, tí kò fojú kan ilẹ̀ ìdílé rí, ń jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Obìnrin lè lọ sílé ọkọ tálákà kí àwọn ọmọ tó bá bí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin ò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò sì rí ìyàwó fẹ́. Àwọn olórí ńkọ́? Mao fúnra rẹ̀ sọ fún Edgar Snow, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà, ní 1936 pé bàbá òun di àgbẹ̀ olówó. Ilé onílẹ̀ ni Deng Xiaoping, òun náà ọ̀kan nínú àwọn olórí ẹgbẹ́, ti jáde. Ìwé ti ya àyè tiwọn sọ́tọ̀, "òṣìṣẹ́ ìyípadà", àwọn ọmọ wọn sì ń jẹ nínú rẹ̀.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ọmọ tí ẹkùn bí, ẹkùn ní í jọ. Nígbà tí Ìyípadà Àṣà, ìyẹn rògbòdìyàn tí Mao dá sílẹ̀ láti gbógun ti àwọn tó pè ní ọ̀tá ìyípadà, bẹ̀rẹ̀ ní 1966, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Beijing fi irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣe òfin. Wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: bí bàbá bá jẹ́ akọni, ọmọ á jẹ́ ọmọ gidi, bí bàbá bá jẹ́ ọ̀tá ìyípadà, ọmọkọ́mọ ni ọmọ á jẹ́. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ní Daxing lẹ́bàá Beijing, wọ́n pa ènìyàn 325 láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn onílẹ̀ àtijọ́, àgbẹ̀ olówó àti ẹbí wọn. Ọmọ ọjọ́ 38 wà nínú wọn. Ní Dao, ní Hunan, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó kú lé ní 4,000.

Yu Luoke ló dìde sọ ọ́ jáde pé èyí kò tọ́. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Beijing ni. Máàkì rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n nítorí àwọn òbí rẹ̀, kò rí yunifásítì wọ̀. Ó kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ìran ẹni, èyí tó jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní oṣù kìíní 1967. Ó ní ìwà ẹni ló yẹ kí wọ́n wò, pé àwùjọ lágbára lórí ọmọ ju ilé tí wọ́n bí i sí lọ. Wọ́n mú un ní 1968. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta 1970, wọ́n pa á, ọmọ ọdún 27.

Mao kú ní 1976. Ní oṣù kìíní 1979, ẹgbẹ́ pàṣẹ pé kí wọ́n yọ orúkọ onílẹ̀ àti àgbẹ̀ olówó kúrò lára àwọn tó ti ń pa òfin mọ́, kí wọ́n sì máa kọ àwọn ọmọ wọn sílẹ̀ bí ọmọ ẹgbẹ́ kọ́múùnù lásán. Ní ìparí ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ kan ní Beijing kéde pé Yu Luoke kò jẹ̀bi. 1984 ni ìjọba sọ pé iṣẹ́ yíyọ orúkọ náà parí. Lásìkò yẹn, àwọn kọ́múùnù ti ń tú ká, kálukú ti ń dá oko ara rẹ̀, àwọn kan sì ti ń gba alágbàṣe, ohun tó tó láti sọ ènìyàn di àgbẹ̀ olówó ní 1950.