Pé grep ò rí ọ̀rọ̀ kan ò sọ pé kò sí nínú fáìlì

Àwa tá a ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lórí Yorùbá, a fẹ́ràn ká máa sọ pé "mo ti grep ẹ̀, kò sí níbẹ̀." (Grep ni àṣẹ tá a fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì.) Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe òótọ́ o.

Ẹ wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo fẹ́ yí Oṣogbo padà sí Òṣogbo nínú fóòdà kan, mo bá tẹ àṣẹ sed, tó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ nínú fáìlì:

sed -i.bak 's/Oṣogbo/Òṣogbo/g' *.txt

kò fọhùn rárá, mo ní ó ti parí nìyẹn. Àfi ìgbà tí mo ṣí fáìlì kejì tí mo rí Oṣogbo tó jókòó pẹ̀sẹ̀ síbẹ̀, mo grep ẹ̀, kò rí nǹkan kan, mo tún un tẹ̀, pàbó. Mo wá da ìlà yẹn sínú xxd, tó ń fi báìtì hàn, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà. Nínú fáìlì àkọ́kọ́, ṣ jẹ́ e1 b9 a3, lẹ́tà kan ṣoṣo. Nínú ìkejì, 73 cc a3 ni, ìyẹn s lásán tí wọ́n wá so àmì abẹ́ mọ́. Kíbọọ̀dù ló fà á, ti ẹlòmíì máa ń kọ tibí, ti ẹlòmíì tọ̀hún. Ojú wa ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀, àmọ́ grep ò lójú, báìtì ló ń fi wéra, Ken Thompson sì ti kọ ọ́ tipẹ́ kí Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà àwọn èdè ní nọ́ńbà, tó jáde ní 1991. Sed gan-an, tí ò bá rí nǹkan kan pààrọ̀, òdo náà ló máa dá padà bí ẹni tó ṣiṣẹ́ yanjú.

Ohun tó ń dùn mí ni àwọn tó máa wá sọ pé àmì ló fa wàhálà, ká kúkú yọ gbogbo ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yàtọ̀?

Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ di oríṣi kan ná kẹ́ ẹ tó wá nǹkan kan. Àwọn kan máa ń lo ìlà kékeré sábẹ́ lẹ́tà, U+0329, nfc (ọ̀nà tó ń so lẹ́tà àti àmì ẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan) ò sì ní fọwọ́ kan ìyẹn, torí náà òun la máa kọ́kọ́ yí padà sí àmì abẹ́ tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, U+0323:

sed -i.bak $'s/\u0329/\u0323/g' ìtàn.txt
uconv -x nfc ìtàn.txt > ìtàn2.txt

Inú icu-devtools ni uconv wà lórí Ubuntu. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ grep -c $'\u0323' ìtàn2.txt, òdo ló yẹ kó jáde, torí ẹ, ọ àti ṣ ti di lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nígbà yẹn.